Nígbà tí Àgbàlagbà bá Gbọ́ Ohùn Ara Rẹ̀ ní Èdè Tuntun

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Fún ìgbà pípẹ́, bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an nìyẹn. Ohùn tó bá ti jáde lẹ́nu ti lọ. Ẹni tó sọ ọ́ pàápàá kò lè dá a dúró kó tún un gbọ́. Ọdún 1877 ni nǹkan yí padà. Ní ọdún yẹn, Thomas Edison, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi abẹ́rẹ́ kọ ohùn sára irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, tó sì lè mú ohùn náà jáde padà. Edison sọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dá ohùn rẹ̀ padà fún un, àyà rẹ̀ já. Ó sọ lẹ́yìn náà pé irú ìyàlẹ́nu bẹ́ẹ̀ kò bá òun rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa láti ìgbà èwe.

Lónìí, ẹ̀rọ tó ju ti Edison lọ fíìfíì wà nínú àpò àgbẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó wà lábẹ́ ìró aṣọ ìyá tó ń tajà ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ó wà lọ́wọ́ télọ̀ ní Kétu. Fóònù ni. Àwọn ènìyàn ń fi í pe ara wọn, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà lókèèrè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí fóònù lè ṣe tí ìwọ̀nba ènìyàn ló ń lò ó fún. Ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú, kó sì jókòó tì í láti fetí sí i bí ẹni ń fetí sí ẹlòmíràn.

Èdè tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń kọ́ ní ilẹ̀ Benin ni Faransé. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, ti ọdún 1990, ni ó sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Nítorí náà, ẹni tó ti mọ̀wé kà ní Yorùbá, tó lè kọ lẹ́tà, tó lè ṣírò owó ọjà rẹ̀ sínú ìwé, ṣì lè dé mẹ́rì tàbí ilé ìwòsàn kó sì di odi. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Nígbà púpọ̀, ó gbọ́ ọ. Èsì náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì rò ó pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ló bá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó mú dání, pé kó bá òun sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti burú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wá di agbẹnusọ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ àìsàn abẹ́ aṣọ tí kò yẹ kí ọmọ gbọ́, ẹnu ọmọ ló ń gbà kọjá. Ohun tí ìyá kò bá sì fẹ́ kí ọmọ mọ̀, kò ní sọ ọ́ fún dókítà. Ìtìjú lásán lè mú kí ènìyàn padà sílé pẹ̀lú àrùn tó gbé lọ.

Nígbà tí ọmọdé ń kọ́ èdè, gbogbo ilé ní ń pàtẹ́wọ́ fún àṣìṣe rẹ̀. Bí ọmọ bá pe omi ní "mimi", ìyá rẹ̀ yóò gbé e sókè yóò sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ta ni ó ń pàtẹ́wọ́ fún bàbá olóko tó ṣi Faransé sọ? Ìdí nìyí tí fóònù fi dára fún àgbàlagbà: kì í rẹ́rìn-ín, kò ní sọ ọ́ fún ará àdúgbò, a sì lè bá a dá yàrá jókòó.

Kí ló dé tí ohùn náà ń ṣàjèjì?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ yóò fẹ́ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. "Ṣé báyìí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀?" ni gbogbo ènìyàn máa ń bi ara wọn. Ohùn náà tínrín, ó sì dà bí ohùn àbúrò ẹni tàbí ti ẹbí kan tó jìnnà. Kì í ṣe fóònù ló bàjẹ́.

Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gba ọ̀nà méjì dé etí ara rẹ̀. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni afẹ́fẹ́: ohùn jáde lẹ́nu, ó sì yí wọ etí láti ìta. Ọ̀nà kejì ni egungun orí: ohùn mú egungun gbọ̀n, ìgbọ̀n náà sì dé inú etí láti inú lọ́hùn-ún. Egungun a máa gbé ìró tó nípọn dáadáa. Òun ló fi ń kún létí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú, kí ó fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì, kó sì sọ̀rọ̀. Ohun tí yóò gbọ́ nígbà náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ gba inú egungun wá. Fóònù kò mọ egungun ẹnikẹ́ni. Ti afẹ́fẹ́ nìkan ló gbọ́. Ohùn tín-ín-rín tó dá padà yẹn sì ni ìyàwó, ọkọ, ọmọ àti aládùúgbò ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹni tó ni ohùn nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Philip Holzman àti Clyde Rousey, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1966. Wọ́n ní kì í ṣe egungun nìkan ló fà á. Ènìyàn a máa gbọ́ nínú ohùn ara rẹ̀ ohun tí kò mọ̀ pé òun fi hàn: ẹ̀rù, ìbànújẹ́, iyèméjì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dán àwọn tó gbọ́ èdè méjì wò, àwọn tó ti kọjá ọmọdé kí wọ́n tó kọ́ èdè kejì. Ohun tí wọ́n rí yẹ kó tu akẹ́kọ̀ọ́ nínú. Ohùn wọn ní èdè abínibí ló dà wọ́n láàmú jù nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ti èdè tí wọ́n dàgbà kí wọ́n tó kọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lè fara da ohùn ara rẹ̀ ní Yorùbá lórí fóònù, èyí tó le jù ti kọjá.

Fún ìdí èyí, ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá fún ọjọ́ mélòó kan. Kó sọ ohun tó jẹ láàárọ̀, kó sọ ẹni tó bá pàdé lọ́nà oko. Kó gbọ́ ọ títí ohùn náà yóò fi mọ́ ọn létí. Nígbà náà ni kó tó mú Faransé wá.

Ohun tí etí kò gbọ́ nígbà tí ẹnu ń sọ̀rọ̀

Ẹni tó ń sọ èdè tuntun ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń tò ó, ó ń wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí àyè fún etí láti ṣọ́ ẹnu. Fóònù ló máa ń ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: kí ẹnu kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, kí etí wá ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tí etí yóò wá bá pàdé kì í ṣe ohun kékeré.

Yorùbá kò ní ìró v. Ẹnu tí kò bá mọ v a máa fi f rọ́pò rẹ̀. Ó dà bí ohun tí kò léwu, títí ènìyàn yóò fi fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá kan. "Vous" ni Faransé fi ń pe ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, bí "ẹ̀yin" tiwa. Bí v bá di f, "vous" ti di "fou", aṣiwèrè nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun kí ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ojú ọ̀gá sì yí padà, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ti z náà dà bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò ní i. S ni ẹnu máa ń mú. "Poisson" ni ẹja, s ló wà níbẹ̀. "Poison" ni májèlé, z ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní z yóò máa pe méjèèjì ní ẹja. Ìyá ẹlẹ́ja kò ní rí ìjàǹgbọ̀n nínú èyí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ mu oògùn kòkòrò tó sì sáré gbé e dé ilé ìwòsàn ni kò ní rọrùn fún. Ohun tó tún ń pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ z a máa fi í sí ibi gbogbo. Ìgbà yẹn ni ìyá ẹlẹ́ja lè wá máa kiri májèlé.

Ọwọ́ lè ran etí lọ́wọ́ níbí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìka lé ọ̀fun, kó fa f gùn, kó wá fa v gùn. Bó bá jẹ́ f, ọ̀fun dákẹ́. Bó bá jẹ́ v, ọ̀fun ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni s àti z. Ní Àjàṣẹ́, ẹni tó bá gbọ́ Gùn kò nílò ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé v àti z wà nínú Gùn. Òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó kàn lè má mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni.

Owó ni ó yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì fáráǹkì ni "deux mille", ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni "dix mille". Nínú "dix mille", Faransé kì í pe x yẹn. "Di" ló kù. Ìró inú "deux" kò sí ní Yorùbá rárá. Ẹnu a máa fà á lọ sí e, ìgbà mìíràn sí i. Bó bá ti di i, 2.000 ti di 10.000. Ẹni tó fẹ́ mú ìró "deux" jáde, kí ó gbé ahọ́n sí ibi e, kó sì ká ètè jọ bíi ti o. Fún ìró inú "tu" tàbí "rue", kí ahọ́n wà níbi i, kí ètè sì sú bí ti ẹni tó fẹ́ súfèé. Ojú a máa tini láti ṣe ètè báyìí níwájú ènìyàn. Níwájú fóònù, kò sí wàhálà.

Àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà ní Yorùbá ti mọ̀ pé "an" inú "ìtàn" àti "ọn" inú "ìbọn", ìró kan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Faransé yà wọ́n nípá. "Bon" ni ohun tó dára, "banc" ni bẹ́ǹṣì tí a ń jókòó lé. Ti "bon" sún mọ́ tiwa. Ti "banc" ni ẹnu gbọ́dọ̀ là sí i. Síbẹ̀, Yorùbá ní èrè kan níbí: ó ti mọ bí a ṣe ń fi imú pe fáwẹ̀lì, iṣẹ́ tó ń fún ọ̀pọ̀ àjèjì lọ́rùn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń ṣe é

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tí a tò sí Faransé, "Dictaphone" tàbí "Enregistreur" ni orúkọ ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó ń lo WhatsApp tún lè fi ohùn ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2022 ni àyè ti wà fún èyí níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì dára.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Kí ó mú ọ̀rọ̀ tí yóò lò lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Bó bá fẹ́ lọ gba ìwé ìbí ọmọ ní mẹ́rì, kí ó sọ pé: "Bonjour, monsieur. Je viens chercher l'acte de naissance de mon enfant." Ìyẹn ni pé: ẹ káàárọ̀ sà, ìwé ìbí ọmọ mi ni mo wá gbà. Ó tó. Gbólóhùn méjì tí a mọ̀ dunjú sàn ju ogún tí a kọ́ bí orin lọ. Kí ó sọ ọ́ láìwo ìwé, nítorí pé ní mẹ́rì, kò ní wo ìwé. Ẹni tó ń ka nǹkan sínú fóònù ń kọ́ ìwé kíkà; ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ.

Lẹ́yìn náà, kó wá ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa, kí onítọ̀hún sọ gbólóhùn kan náà sínú fóònù. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èyí tí a fi ọmọ ṣe yìí kò bu àgbà kù. Kí ọmọ sọ gbólóhùn kan fún bàbá rẹ̀ nínú yàrá kí bàbá lè kọ́ ọ yàtọ̀ gedegbe sí kí ọmọ gba ọ̀rọ̀ mọ́ bàbá lẹ́nu níwájú dókítà.

Nígbà yìí, ohùn méjì ti wà nílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ti olùkọ́, kó gbọ́ tirẹ̀, kó tún gbọ́ ti olùkọ́. Kó mú ẹyọ àṣìṣe kan ṣoṣo. Àṣìṣe mẹ́wàá lè wà níbẹ̀, kó fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ìwé Yorùbá tó ti kọ́ yóò wúlò báyìí: kó fi lẹ́tà Yorùbá kọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ sílẹ̀, kó sì kọ ti olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ "fu" sí apá kan tó sì kọ "vu" sí apá kejì ti rí àṣìṣe rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Kó tún gbólóhùn náà sọ, kó sì gbé fóònù sílẹ̀ di ọ̀la.

Olùkọ́ yìí kò ṣe é fò. Etí ẹni a máa gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ v àti f lẹ́nu ẹlòmíràn lè fetí sí ohùn ara rẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún kó má rí àléébù kankan. Ńṣe ni àṣìṣe náà yóò máa le sí i bí amọ̀ tí oòrùn ń pa. Àwọn kan tún wà tó ń pa ohùn rẹ́ tí wọ́n sì ń tún un gbà ní ìgbà ogójì, títí yóò fi dán. Ìgbà ogójì yẹn kò sí ní ojú ọjà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oníbàárà yóò béèrè iye ọjà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi Paris ṣe òdiwọ̀n. R tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbé láti ọ̀fun, ẹni tó bá fi ahọ́n pe tirẹ̀ ní Kútọnu, gbogbo ènìyàn ni yóò gbọ́ ọ. Àṣìṣe tó ń yí ìtumọ̀ padà ni ká lé. Èyí tó kàn ń fi ìlú ẹni hàn, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ohun mìíràn tó yẹ kí oníṣọ̀ọ́ra mọ̀ ni pé ohùn olùkọ́ tí a gbà kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ káàkiri láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá sì ń yá fóònù lò, kó pa ohùn rẹ̀ rẹ́ kó tó dá a padà, tàbí kó fi í pamọ́ sórí káàdì tirẹ̀.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ parẹ́: ohùn ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ọjọ́ àti oṣù ní Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó ti wù kó burú tó, kó fi í pamọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó wọlé. Ẹni tó ń sọ Faransé lójoojúmọ́ kò ní mọ̀ pé òun ti yàtọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, kó ṣí ohùn àkọ́kọ́ yẹn kó gbọ́ ọ. Yóò gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́ láàrin ọ̀rọ̀ méjì, bó ṣe ń mí kanlẹ̀ kó tó sọ "bonjour".

Ọ̀nà yìí kò mọ sí Faransé. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Kútọnu tí Faransé àti Fọn kún ẹnu wọn, tó jẹ́ pé èdè ìyá wọn ni wọ́n ń kọ́ bí àjèjì. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu kì í ṣe v tàbí z. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ọmọ tó fẹ́ sọ pé "Màmá mi ra ọkọ̀ tuntun" lè gbé ohùn náà sí àárín, kó di pé màmá rẹ̀ ra ọkọ tuntun. Bó bá fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Kétu, ìyá àgbà yóò gbé fóònù mọ́ etí, yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò rẹ́rìn-ín tẹ́rùn níbi tí ọmọ kò ti lè gbọ́, lẹ́yìn náà yóò tẹ fóònù, yóò sì dá gbólóhùn náà padà fún un, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yọ lẹ́yọ ọ̀rọ̀.